Nítorí Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Fi Ń Gbé Irin?

Kò sí àṣà kan tí àwọn ọ̀dọ́ gbé wọ̀ tí àwọn àgbà kò ní ohun tí wọn yóò wí sí i. Àwọn kan a máa bú àṣà nítorí pé ó jẹ́ tuntun, àwọn mìíràn a sì máa yìn ín nítorí ìdí kan náà. Irú èyí kì í ṣe àríwísí rárá, ariwo lásán ni. Ẹni tí yóò bá rí wí sí nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ súnmọ́ ọn, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, kí ó mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, kí ó sì bi í ní ìbéèrè kan: nítorí kí ni? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bi àṣà gbígbé irin àti lílọ sí ilé ìdárayá, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń ṣe fáàrí lónìí, láti Amẹ́ríkà títí dé Ìbàdàn àti Èkó.

Jíìmù ni wọ́n ń pe ilé náà. Ẹni tí kò bá tíì wọ ibẹ̀ rí kò ní mọ ohun tí à ń sọ, nítorí náà mo ní láti ṣe àpèjúwe rẹ̀ díẹ̀. Irin oríṣìíríṣìí ni wọ́n tò sílẹ̀. Àwọn kan rí roboto ní orí méjèèjì, àwọn mìíràn fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ọmọrí ìkòkò. Ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko láì kúrò lójú kan. Bí ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wa bá jí dìde tí ó sì bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, ó dá mi lójú pé ìbéèrè méjì ni yóò bi í: níbo ni ó ń lọ, ta ni ó sì ń lé e? Orin a máa dún kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, tí ó gba gbogbo ara ògiri, ni dígí. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi dígí yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa àgbà ni pé, bí wọ́n bá fẹ́ làágùn, kí wọ́n mú ọkọ́ kí wọ́n gba oko lọ. Pé ẹni tí ó ń sanwó kí ó tó rí ẹrù gbé kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Ní ayé àwọn baba wa, iṣẹ́ òòjọ́ fúnra rẹ̀ ni eré ìdárayá. Ẹni tí ó bá rin máìlì mẹ́ta lọ sí oko, tí ó kọ ebè títí oòrùn fi kan àtàrí, tí ó sì ru iṣu bọ̀ wálé, kò nílò irin kankan. Obìnrin tí ó pọnmi lódò, tí ó lọ ata lórí ọlọ, tí ó sì tún gún iyán fún gbogbo agbo ilé, ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé irin lónìí kò lè bá a ṣe fún ìdajì wákàtí. Àní, iṣẹ́ yìí kò tilẹ̀ tó wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ja gídígbò, àwọn ọmọdé sì ń sá eré ẹkùn mẹ́ran lábẹ́ òṣùpá títí ìyá wọn yóò fi pè wọ́n wọlé. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń ṣe? Ó jókòó ní kíláàsì, ó jókòó ní ilé ìkàwé, ó jókòó sórí ọ̀kadà tí yóò gbé e láti ẹnu géètì dé ilé tí ó ń gbé. Nígbà tí ó bá sì délé, ó dùbúlẹ̀ ti fóònù rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ronú pé ó yẹ kí òun mi ara, òye ni ó ní, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀.

Pé ìjókòó ọ̀sán-gangan yìí léwu kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jerry Morris, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní The Lancet. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n yẹ̀ wò. Awakọ̀ àti agbowó-ọkọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n jọ ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ kan náà. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju pé awakọ̀ jókòó, tí agbowó-ọkọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lókè sódò ní gbogbo ọjọ́. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn kò pọ̀ láàrin àwọn agbowó-ọkọ̀ tó ti àwọn awakọ̀, àti pé nígbà tí ó bá tilẹ̀ mú wọn, kì í pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé kò yára yọ̀. Ó mọ̀ pé ẹnìkan lè dìde kí ó sọ pé bóyá àwọn tí ó sanra láti ilé wọn wá ni wọ́n ń yan iṣẹ́ awakọ̀. Nítorí náà ó lọ yẹ ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún wọn wò, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Lóòótọ́ ni ìbàdí àwọn awakọ̀ fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ó ti fi ẹni tínínrín wé ẹni tínínrín, tí ó sì fi ẹni tí ó sanra wé ẹni tí ó sanra, ìyàtọ̀ náà kò parẹ́. Morris fúnra rẹ̀ kò fi eré ìdárayá sílẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ó kú ní ọdún 2009 ní ẹni ọdún 99.

Nítorí náà, bóyá ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi ara tàbí kò yẹ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí ó ń gbé e lọ síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa, nítorí ohun tí ó gbé ènìyàn lọ sí ibìkan náà ni yóò pinnu ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀ àti irú ènìyàn tí yóò jẹ́ nígbà tí ó bá ń jáde.

Ìdí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi kọ́kọ́ ní ilé ìdárayá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí à ń rí lónìí. Ní ọdún 1811, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Ludwig Jahn, ṣí pápá ìdárayá kan ní Hasenheide lẹ́bàá ìlú Berlin. Napoleon ti ṣẹ́gun àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 1806, inú sì ń bí i. Ó fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ní okun tí wọn yóò fi gba ilẹ̀ wọn padà. Ọ̀rọ̀ náà kọjá eré débi pé ìjọba Prussia fi òfin dè é láti ọdún 1820 títí di ọdún 1842, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alágbára tí ń kóra jọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sá kúrò nílẹ̀ náà, Charles Follen, ni ó gbé irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ dé Harvard ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1826. Nígbà tí ó di ọdún 1861, kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst fi dókítà kan, Edward Hitchcock, ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́ ìdárayá, nítorí pé àwọn olórí ibẹ̀ rí i pé ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń bàjẹ́ lórí ìwé kíkà. Àwọn wọ̀nyí ní ohun kan tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é: orílẹ̀-èdè, tàbí ẹ̀mí ọmọ.

Dudley Sargent ni mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí pé ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ọdún 1879 ni ó di olórí ilé ìdárayá Hemenway ní Harvard. Ènìyàn rere ni. Kò fẹ́ kí ilé náà jẹ́ ti àwọn alágbára nìkan. Ó ṣe àwọn ẹ̀rọ olókùn tí a lè dín ìwúwo wọn kù kí ọmọ tí kò lágbára lè lò wọ́n láìtijú. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe nǹkan mìíràn. Ó fi okùn ìwọ̀n wọn apá, àyà, itan àti ọrùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń fi ti ẹnìkan wé ti àwọn yòókù. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni kí olúkúlùkù mọ ibi tí ó kù sí, kí ó lè tún un ṣe. Bí ó ti wù kí ó rí, láti ọjọ́ tí a bá ti fi okùn wọn apá ọmọ kan tí a sì sọ fún un pé ti ọmọ kejì tóbi ju tirẹ̀ lọ, ìlera kọ́ ni yóò máa lé mọ́. Apá ọmọ kejì ni yóò máa lé.

Ẹni tí ó wá fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà ni Eugen Sandow, ọmọ ilẹ̀ Prussia kan tí ó gba gbogbo ayé kọjá tí ó ń fi ara rẹ̀ han èrò fún owó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ó kó àwọn ọkùnrin jọ sí gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n wá fi ara díje. Sir Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nì, wà lára àwọn adájọ́. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ẹrù ni wọ́n fi díje, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré sísá tàbí ìjàkadì. Ìrísí ni. Ní gídígbò tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni ó ṣubú, ìbáà dára bí ère. Láti ìgbà ti Sandow ni a ti lè borí nínú ọ̀ràn agbára láì ṣe ohunkóhun ju kí á dúró lọ.

Dígí tí mo sọ níṣàájú ti dé báyìí. Ó wà lára ògiri, ó sì tún wà lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí fóònù kì í ṣe nǹkan mìíràn ju dígí tí àwọn ènìyàn ń wo ènìyàn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ á gbé irin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, á ya àwòrán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwòrán tí ó rí nínú fóònù àwọn ẹlòmíràn ni ó fi ń ṣe òṣùwọ̀n, kò sì mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n yàn, pé wọ́n ti fi ebi pa ara kí iṣan lè yọ síta, pé ọgọ́rùn-ún àwòrán ni wọ́n jù nù kí wọ́n tó mú ẹyọ kan. Èyí kò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Ọmọlangidi ọmọ ogun kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní G.I. Joe. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1964 rí bí ọkùnrin lásán. Èyí tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ní apá tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò lè ní. Dókítà Harrison Pope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wọn àwọn ọmọlangidi wọ̀nyí, àwọn kan náà ni wọ́n sì kọ̀wé ní ọdún 1997 nípa àìsàn ọkàn kan tí ó ń ṣe àwọn ọkùnrin tí ń gbé irin: ọkùnrin gíga gbàǹgbà, tí apá rẹ̀ tó igi ọ̀pẹ, a máa wo dígí, a sì máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó rù hangogo. Kò ní fẹ́ bọ́ ẹ̀wù níbi tí ènìyàn wà. Kò ní lọ sí ibi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbé irin. Irú ìyà wo ni ó ju kí ènìyàn máa làágùn lójoojúmọ́ nítorí ohun tí ojú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó rí láéláé?

Mo mọ ọmọ kan ní àdúgbò wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Owó oúnjẹ tí obìnrin yìí ń fi ránṣẹ́ sí i ni ó ń kó jọ fi ra ìyẹ̀fun inú ike ńlá kan, èyí tí wọ́n ní yóò mú kí iṣan yọ. Ó ń po ó sínú omi mu, ó sì ń fi gààrí sùn. Nígbà tí ó wálé fún ọlidé, ó rù ju ìgbà tí ó lọ. Ìyá rẹ̀ rò pé àìsàn ni, ó tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ kí ó lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun náà ti jáde. Èròjà tí ó wà nínú ìyẹ̀fun yẹn kì í ṣe awo. Òun ni ó wà nínú ẹ̀wà, nínú ẹyin, nínú ẹja, nínú ẹ̀pà àti wàrà. Mọ́ínmọ́ín ìyá alákàrà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà ní i. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó sì ń jẹun dáadáa kò nílò ike kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kò ní àwòrán ọkùnrin abiṣan lára.

Àwọn mìíràn kò dúró lórí ìyẹ̀fun. Oògùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sitẹ́rọ́ìdì, tí ó dà bí omi inú ara tí ó ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin. Àwọn dókítà ní ìdí tí wọ́n fi ń lò ó fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣàìsàn tí ó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ nítorí apá, ń ra ohun tí kò mọ iye rẹ̀. Nígbà tí ara bá rí i pé a ń pèsè omi náà láti òde, ara á dáwọ́ tirẹ̀ dúró. Ó lè mú kí ọkùnrin má lè bímọ. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Bí ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà bá lò ó, ó lè dá gíga rẹ̀ dúró lójijì, kí ó má ga mọ́ títí ayé. Gbogbo ayé ni ó rí Ben Johnson ọmọ ilẹ̀ Kánádà ní ìlú Seoul ní ọdún 1988, bí ó ti sá eré ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.79, tí wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nítorí oògùn yìí. Johnson ń sáré nítorí wúrà àti òkìkí ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ nínú yàrá ilé ìgbé ń ṣe é nítorí ẹni mélòó?

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ ohun tí ń gbé ènìyàn lọ, nítorí ibẹ̀ ni òkodoro wà. Ní ọdún 1971, ọmọwé ará Amẹ́ríkà kan, Edward Deci, tẹ àbọ̀ ìdánwò kan jáde. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àwọn ègé kéékèèké kan pé kí wọ́n tò wọ́n pọ̀ kí ó jọ àwòrán tí ó fi hàn wọ́n. Eré tí ó dùn ni. Lẹ́yìn èyí ó san dọ́là kan fún apá kan wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí tò. Kò sanwó fún àwọn yòókù. Nígbà tí ó yá, ó dá owó náà dúró, ó sì ń wo ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí a bá fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti gbowó kò fẹ́ fi ọwọ́ kan eré náà mọ́ tó bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Owó ti wọ ibi tí ìfẹ́ wà, nígbà tí owó sì jáde, kò bá ìfẹ́ nílé mọ́.

Irú rẹ̀ ṣojú mi. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí mo lọ, agogo a máa lù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, gbogbo wa a sì sáré yí pápá ká. Ẹni tí kò bá jáde yóò gé koríko. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò lókun nígbà náà. Ṣùgbọ́n agogo ni ó ń sáré, kì í ṣe àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìwé-ẹ̀rí tí olúkúlùkù sì gba ilé-ìwé tirẹ̀ lọ, níbi tí kò sí agogo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò tún sáré mọ́ àfi bí òjò bá ń bọ̀. Ẹ fi èyí wé ohun tí Ralph Paffenbarger rí láàrin ọkùnrin 16,936 tí wọ́n ti kàwé ní Harvard, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1978 àti ọdún 1986. Àwọn tí wọ́n jẹ́ gbajúmọ̀ nínú eré ìdíje nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì jáwọ́ lẹ́yìn náà, kò rí ààbò kankan gbà lọ́wọ́ òkìkí àtijọ́. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lórí pápá, ṣùgbọ́n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń ṣe eré nígbà tí wọ́n ti di baba ọmọ, àwọn ni ọkàn wọn dúró. Ara kì í to àmì-ẹ̀yẹ sí àpótí bí olórí ilé-ìwé. Ohun tí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni ó ń bi ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní ìtìlẹ́yìn láti òde kò dára rárá. Gary Charness àti Uri Gneezy fi han gbogbo ènìyàn ní ọdún 2009 pé, bí a bá sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n lọ sí ilé ìdárayá fún ìgbà mẹ́jọ, àwọn tí kì í lọ tẹ́lẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀ kódà lẹ́yìn tí owó bá ti tán. A lè fi ọwọ́ ti ọmọ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ó má rí nǹkan kan nínú ilé tí yóò mú un dúró. Ẹ sì wo ti àwọn tí wọ́n ń fi owó ra ìpinnu. Ọmọwé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, yẹ ìwé àwọn ilé ìdárayá kan wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2006. Àwọn tí ó san owó oṣù kì í wá déédéé, débi pé bí a bá pín owó wọn sí iye ìgbà tí wọ́n wá, ó ju dọ́là 17 lọ fún ìgbà kan; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ì bá san dọ́là 10 péré ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wá. Owó tí ènìyàn san ní oṣù kìíní ọdún kò lè jí i ní òwúrọ̀ oṣù kẹta.

Ohun tí ń jí ènìyàn ni àṣà tí ó ti mọ́ ọn lára, èyí kì í sì í yá. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀lé ènìyàn 96 tí olúkúlùkù wọn yan ohun kékeré kan láti máa ṣe lójoojúmọ́. Àwọn kan, ó mọ́ wọn lára ní ọjọ́ 18. Àwọn mìíràn, bí a ti ṣírò rẹ̀, yóò gbà wọ́n ní ọjọ́ 254. Àárín rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 66. Wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó bá fo ọjọ́ kan kò pàdánù ohun tí ó ti kó jọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó ń fi ara wọn bú, tí wọ́n ń pa eré tì nítorí pé òjò ṣù ní ọjọ́ Ajé kan, ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Iye tí ara ń béèrè kò tilẹ̀ pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà rí i pé òun mi ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tí ń fún iṣan lókun ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà láàrin ọdún 5 sí 17, wọ́n ní kí ó tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Kò sí dígí nínú òfin náà. Ìrìn kíákíá wà níbẹ̀, omi pípọn wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù gbígbá wà níbẹ̀. Irin náà wà níbẹ̀, èmi kò sì kórìíra rẹ̀; ọmọ tí ó ń gbé e nítorí pé ó ń dùn mọ́ ọn, tí inú rẹ̀ ń dùn pé ohun tí kò ṣí lọ́wọ́ òun lóṣù tó kọjá ti ṣí lónìí, ọmọ náà kò ní ẹjọ́ kankan lọ́dọ̀ mi. Alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń fi agbára ṣe kò sí lára wọn.

Kí a má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàtà olówó gọbọi àti aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ra tàn wá jẹ. Ní Vancouver ní ọdún 1954, ọmọ Nàìjíríà kan, Emmanuel Ifeajuna, fo òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́jọ, ó sì gba wúrà. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà tí ó gba wúrà rí ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì ń darí. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ti ẹsẹ̀ òsì, ni ó wọ̀ nígbà tí ó fò ó. Lẹ́yìn náà ni ó wọ yunifásítì ní Ìbàdàn.

Èyí tí mo bínú sí jù lọ kò wá láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 1966 ni àwọn yunifásítì Nàìjíríà márùn-ún kóra jọ bẹ̀rẹ̀ eré ìdíje NUGA, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá lè gba àmì-ẹ̀yẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ń rí. Ọmọ tí kò yára, tí kò ga, tí ó kàn fẹ́ kí ara òun le, kò sí ẹni tí ó ń pè é sí pápá. Kí ni ó ṣẹ́ kù fún un bí kò ṣe ilé dígí tí ẹnìkan ń gbowó rẹ̀ lẹ́bàá géètì? Ti àwọn ọmọbìnrin tún burú sí i. Bí wọ́n bá jáde láti sáré ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin tí ó jókòó sórí ìgànná yóò máa súfèé, wọn yóò máa ka itan wọn bí ẹni ń ka iṣu lọ́jà. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde, nígbà tí ojú títì kò dára fún ẹnikẹ́ni láti dá rìn. Àwọn yòókù kò jáde rárá, a sì ń sọ pé obìnrin kò fẹ́ràn eré ìdárayá.

Ní ilé-ìwé kan tí mo mọ̀, pápá tí àwọn ọmọ ti ń sáré láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n gé sí méjì, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá sí apá kan, wọ́n sì sọ apá kejì di ibi tí àwọn tí ó wá ṣe ìnáwó ń gbé ọkọ̀ sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà láàrin àwọn ọkọ̀ náà, ọ̀kan nínú wọn kò wọ bàtà, ọlọ́dẹ sì ń fi pàṣán lé wọn jáde.